Iṣu Kan Láti Orí Ilẹ̀ Bàbá Mi

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó mọ̀ pé agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ wà. Ní ọ́fíìsì kánsù ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin, wọ́n ní kí èmi àti màmá mi lọ sí Òmù-Àrán. Ní Òmù-Àrán, ẹni tó yẹ ká rí ti lọ síbi ìsìnkú. Agbẹjọ́rò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù wo bàtà màmá mi, ó wo tèmi, ó wá dárúkọ owó tí a ò lè rí bí a tilẹ̀ ta ilé. Akọ̀wé kóòtù kan ló ṣàánú wa. Ó ní ìjọba ní ọ́fíìsì kan ní Ìlọrin tó ń bá aláìní rojọ́ láì gba kọ́bọ̀. Inú bí mi. Ta ló ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún tálákà?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Bàbá mi tó ti kú ló yá ọkùnrin kan ní oko lọ́nà Obbo-Ayégúnlé. Ọdọọdún ni ọkùnrin náà ń gbé iṣu wá sílé wa. Ìṣákọ́lẹ̀ ni, òun ló ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹni tó ń dáko kọ́ ló ni ilẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, màmá mi ní kó má gbé iṣu wá mọ́, kó máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìkórè. Ó rò pé oore lòun ń ṣe. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà kú. Ọmọ rẹ̀ gbin kaṣú sí gbogbo oko, ohun tí ẹni tí a yá nílẹ̀ kì í ṣe, ó sì ní bàbá òun ra ilẹ̀ náà ni. Oko yẹn nìkan ni màmá mi ní.

Nígbà tí a kúrò nílé wa ní Osi, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Màmá mi ń bì nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìlọrin. Agbẹjọ́rò náà, obìnrin tí kò ju àbúrò mi lọ, fi sùúrù gbọ́ wa.

"Mà, lẹ́yìn ikú bàbá, ta ló ń gba iṣu náà?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni."

"Ta ló ní kó máa gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Èmi ni," ni màmá mi wí, ó sì bú sẹ́kún.

A padà lọ bá àwọn àgbà ìjọ kí wọ́n wá jẹ́rìí pé ìṣákọ́lẹ̀ wa ni iṣu náà. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ ní kóòtù. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, bí ẹni pé ọ̀rẹ́ ló ń jẹ oko wa.

Ni agbẹjọ́rò bá ránṣẹ́ pe ọmọ tó gbin kaṣú náà, bóyá a lè parí ẹ̀ ní pẹ̀lẹ́tù. Ó wá. Agbẹjọ́rò bi màmá mi ní ohun tó fẹ́.

"Kó máa ká kaṣú rẹ̀. Kó sáà gbé uṣu wá ulé mi lọ́sàn-án, káráyé rí i. Ẹyọ kan."

"Màmá, màá gbé àpò ìrẹsì méjì wá fún yín lọ́dọọdún," ni ọmọ náà yára wí. "Màá tún ra aṣọ."

"Iṣu ńkọ́?" ni agbẹjọ́rò bi í.

Ó wolẹ̀. "Mi ò lè gbé iṣu."

Màmá mi dìde, ó ká ìborùn rẹ̀ sí èjìká. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé mo ní láti dì í mú.

"Ó mọ ohun tí uṣu ń sọ," ló wí fún mi. Ó wá yíjú sí agbẹjọ́rò. "Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n mú mi lọ sí kóòtù."