Ibi Tí Ohùn-Oyin Ti Gbàgbé Orin

Obìnrin kan wà tí àwọn olórin sọ ní Elétí-ọfẹ. Iṣẹ́ gbígba orin sílẹ̀ ló ń ṣe, bí okùn gìtá kan bá sì dẹ̀ díẹ̀ láàárín ogún ohun èlò, òun ni yóò kọ́kọ́ yíjú síbẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ. Àfi ìgbà tó pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta tí etí òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àyàfi àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ta ni yóò gbé iṣẹ́ etí fún adití?

Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ìpè dé. Ẹgbẹ́ olórin méjì, àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí iṣẹ́ wọn, ló ń kọrin kiri pọ̀ láti ìlú dé ìlú. Wọ́n fẹ́ kí ó gba orin ọjọ́ ìkẹyìn sílẹ̀ fún rẹ́kọ́ọ̀dù. Ohùn-Oyin ni olórí ẹgbẹ́ kan, Onígìtá ni olórí èkejì. Ogún ọdún ni wọn ò fi kí ara wọn, nítorí ẹni tí yóò kọrin kẹ́yìn lóde kan báyìí. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ló fi ẹ̀bẹ̀ so wọ́n pọ̀, síbẹ̀ kálukú ń wọ mọ́tò tirẹ̀.

Elétí-ọfẹ ní, "Tí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

Àbúrò rẹ̀ dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, etí kan yín ju etí méjì ẹlòmíì lọ. Ẹ gba iṣẹ́ yín jàre."

Ó gbà á. Nítorí pé ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ó so máìkì kan sókè pèpéle, yàtọ̀ sí èyí tó wà níwájú àwọn olórin.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Nígbà tó di orin kẹrin, Ohùn-Oyin la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó ti gbàgbé. Àwọn onílù ń lu ìlù kan náà lálùtúnlù, wọ́n ń dúró dè é. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Onígìtá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. Láìmú máìkì dání, ó bẹ̀rẹ̀ orin náà jẹ́jẹ́, ó ń rìn bọ̀, títí ó fi gbé ọwọ́ lé Ohùn-Oyin léjìká. Ni ohùn ẹni tó gbàgbé bá gbá orin náà mú. Gbogbo èrò dìde.

Nídìí ẹ̀rọ, Elétí-ọfẹ mọ̀ pé máìkì òkè nìkan ló lè gbé ohùn Onígìtá. Ó rẹ gbogbo máìkì yòókù sílẹ̀, ó ṣí tòkè yẹn dáadáa, ó sì kọ etí ọ̀tún sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ní, "Ibi tí bàbá ti gbàgbé yẹn, ẹ gé e. A ó ní kí wọ́n wá tún un kọ."

Elétí-ọfẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ohùn gbọ́ ọ ná."

Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ tán, Ohùn-Oyin sorí kọ́. "Mo kàn dúró gbagidi bí òpó!"

Onígìtá ní, "Láti ogójì ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí o máa dákẹ́ kí n ráyè kọrin."

Ẹ̀rín sọ. Ohùn-Oyin wá bojú wo obìnrin náà. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo gbọ́?"

Elétí-ọfẹ mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí n má purọ́, etí òsì mi ti ń di. Ọ̀tún ni mo fi gbọ́ ọ. Ohun tí mo gbọ́ ni ibi tí ìjà yín ti parí. Tí a bá gé e, a jẹ́ pé a tún dá ìjà náà sílẹ̀."

Ohùn-Oyin ló sọ̀rọ̀: "Orí tèmi ń gbàgbé, etí tìrẹ ń di, ìka Onígìtá ti le. Tí wọ́n bá kó àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọ́n á rí odidi ènìyàn kan. Ọ̀gá, ẹ má gé e."

Wọn ò gé e. Orin yẹn gan-an ni àwọn èèyàn ń béèrè fún jù lórí rédíò. Àbúrò Elétí-ọfẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, wọ́n fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi sétí òsì. Ó ní òun ti tún ń gbọ́ òjò lórí páànù.

Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ti fẹ́ tún gbéra. Mọ́tò kan ni wọ́n jọ máa wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì ti fi àyè ìjókòó kan sílẹ̀ fún un, lẹ́bàá fèrèsé.