Ọ̀sẹ̀ Mẹ́sàn-án Tí Fáṣínà Fi Ṣe Tíṣà Adelé

Wọ́n ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́, pé ó ti pẹ́ jù. N ó sọ ọ́.

Bísíríyù Fáṣínà, ọmọ agboolé Lasunwon ní Ìkòròdú, ló ń gbé ọtí fún àwọn oníbàárà nílé ọtí tó kọjú sí ilé bàbá mi. Ó ka ìwé mẹ́fà, ó sì yege dáadáa, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kú, kò sì sẹ́ni tó lè rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi dúró nídìí káńtà. Ogún èèyàn lè wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sì ní gbé ọtí ẹnìkan fún ẹlòmíì. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn. Ó mọ ẹni tó máa dá ìjà sílẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn jẹ́jẹ́ mú un jókòó.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní ọdún 1955, àwọn ọmọ ya bo ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀pẹ́. Àwa tíṣà ò tó rárá. Àìsàn tún gbé tíṣà kíláàsì kìíní lọ sí ọsibítù. Èmi ni mo dárúkọ Fáṣínà fún ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n sì gbà á ṣe adelé. Ọ̀gá ṣèlérí fún un pé bó bá ṣe é dáadáa títí ọdún fi parí, àwọn á kọ̀wé kó lè lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ó fi iṣẹ́ ọtí sílẹ̀ pátápátá, ó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Ẹ̀pẹ́.

Kí aago méjìlá tó lù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti ń pe ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta lórúkọ. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe irú ẹ̀! Kò na ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ méjì bá fẹ́ jà, á ti dé àárín wọn kí wọ́n tó gbọ́wọ́ sókè. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, àwọn ọmọ tí ò di ṣọ́ọ̀kì mú rí ti ń kọ orúkọ ara wọn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Alàájì Láwàl, alága ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, wá bẹ̀ wá wò. Ó rí Fáṣínà, ojú rẹ̀ yí padà. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹja gbígbẹ ni Alàájì ń kó lọ tà ní Ìkòròdú, bó bá sì ti tà tán, ilé ọtí yẹn ló ń yà sí. Inú kẹ́tù tíì ni wọ́n ń da bíà rẹ̀ sí, á wá máa fi kọ́ọ̀pù mu ún, á tún máa fẹ́ atẹ́gùn sí i bíi pé ó gbóná! Ojú fèrèsé ilé bàbá mi ni mo ti ń wò ó nígbà ìsinmi. Fáṣínà ló sì ń da bíà sínú kẹ́tù náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, Alàájì pe àwọn òbí jọ.

“Ọwọ́ tó ń gbé ọtí kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ Mùsùlùmí níwèé,” ó ní. “Ẹ̀yin òbí, ṣé ẹ gbà?”

Wọ́n gbà. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Fáṣínà. “Ẹ sọ̀rọ̀ o! Àbí ẹ ò mọ Alàájì ni?”

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́,” ó dá mi lóhùn jẹ́jẹ́. “Ohun tí èèyàn bá mu níwájú mi, n kì í gbé e jáde.”

Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó sì lọ.

Ìwà àgàbàgebè wo ló tún ju èyí lọ? Èmi náà ńkọ́? Ṣebí mo lẹ́nu? Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ló bà mí, mo jókòó bí ère. Títí dòní ni mo ń bínú sí Alàájì, mo sì ń bínú sí ara mi.

Ẹlòmíì ti gba iṣẹ́ Fáṣínà nílé ọtí. Ẹrù ló ń rù létí omi ní Ìkòròdú nígbà tí mo rí i kẹ́yìn.

Ọ̀gá wá adelé mìíràn títí, kò rí. Kíláàsì kìíní wà bẹ́ẹ̀ láìní tíṣà títí ọdún fi parí. Àwọn tó lé Fáṣínà nítorí àwọn ọmọ, kò sí èyí tó yọjú lọ́jọ́ kan ṣoṣo kó wò wọ́n.

Ṣẹ̀rífátù, ọmọ Alàájì fúnra rẹ̀, wà nínú kíláàsì yẹn. Nígbà ìsinmi, bàbá rẹ̀ yọ ọ́ kúrò, ó ní òun ò rí ohun tó ń kọ́ níbẹ̀, kò sì fi í sí ilé-ìwé mìíràn mọ́. Ó ti di abiyamọ báyìí. Bí wọ́n bá gbé bébà fún un pé kó fọwọ́ sí i, á kọ orúkọ rẹ̀ gàgàrà, á sì bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n kọ sókè orúkọ náà.