Ọgbẹ́ Ìfun Tí Ìtìjú Kò Jẹ́ Kí N Sọ

Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni inú dédé lọ́ mi. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ìgbẹ́ ti yọ sí mi lára. Mo so súwẹ́tà mọ́ ìdí, mo gun ọ̀kadà. Títí a fi dé Àgọ́-Ìwòyè, mo mọ̀ pé ọlọ́kadà ń gbọ́ òórùn mi. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ nílé, ẹ̀jẹ̀ ni mo rí.

N kò sọ fún ọkọ mi. Mo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo wá ń se ata ilẹ̀ pupa mu. Mo rù hangogo. Mo yẹra fún ṣọ́ọ̀ṣì, torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jìnnà. Àwọn aṣọ tó bàjẹ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń kó wọn sí, títí ọkọ mi fi rí wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ wọ́n.

“Ìyá Tolú, ṣé ìgbà tí mo bá sin ẹ́ tán lo máa tó sọ fún mi?”

Ní ọsibítù, dókítà tó máa ti okùn oníkámẹ́rà bọ ihò ìdí mi, ọmọ tí mo kọ́ níwèé ni! Mo dojú kọ ògiri, omijé ń bọ́.

“Mà, olùkọ́ mi náà lẹ ṣì jẹ́,” ló sọ.

Nígbà tó yẹ̀ mí wò tán, ó ní kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara mi ló ń bá ìfun ńlá mi jà, ìfun náà wá wú, ó sì dégbò. Mo bi dókítà nípa ata ilẹ̀ pupa mi. Ó ní èròjà inú rẹ̀ kì í yọ́ nínú omi, ara sì tètè ń bà á jẹ́ kó tó dé ojú ọgbẹ́. Àwọn olùwádìí wá ń wé e sínú èèpo bíńtín, tí maikirosikópù ilé ẹ̀kọ́ wa ò lè rí, kó má baà tú títí yóò fi dé ìfun ńlá. Wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Mo gbà kí wọ́n dán an wò lára èmi náà, mo sì ń lo oògùn dókítà lọ.

Ó pẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà tó dá. N kò lè búra pé ata ilẹ̀ pupa yẹn ló ṣe é. Àìsàn yìí lè sùn, ó sì tún lè jí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ara tí mò ń fi pamọ́ yìí, òun náà ló ń gbé mi kiri. Bí ìwọ náà bá rí ẹ̀jẹ̀, sọ fún ẹnì kan kí ilẹ̀ tó ṣú.