Mo Yọ Ìyá Kúrò Nínú Àwòrán Páìpù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nídìí kọ̀ǹpútà. Tí mi ò bá sọ ọ́, ikùn mi ò ní gbà á!

Ìlá níbí ló ti ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe Èkó. Kọ́ńpìnnì tó ń ri páìpù omi ẹ̀rọ sílùú wa ló gbé kọ̀ǹpútà kan wá sí ọ́fíìsì wọn. Mo ti parí ilé-ìwé girama, mo sì mọ táìpù tẹ̀, ni wọ́n bá gbà mí. Ọmọ mi, Sìmí, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́jọ nígbà náà. Ẹ̀yìn mi ni òun náà ti kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà!

Kí ni iṣẹ́ mi? Mo ń tún àwòrán ilẹ̀ tí àwọn sàfíyọ̀ bá wọ̀n ṣe, kó lè ṣeé tẹ̀ jáde. Plọ́tà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́. Kálàmù ló ń mú fúnra rẹ̀, á wá máa sáré lórí pépà ńlá bí ẹni ń lé eku. Àwòrán kan á gbà tó ogójì ìṣẹ́jú. Tí íńkì bá gbẹ lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí o!

Léyà léyà ni àwòrán wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí ìgbà tí ẹ to gíláàsì lérí ara wọn ni: títì lórí ọ̀kan, ilé lórí òmíràn, páìpù lórí òmíràn. Léyà tí ẹ bá pa kò ní hàn lórí pépà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀gá mi, Ẹnjiníà, ní òun máa gbé àwòrán àdúgbò wa lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí àwọn ọ̀gá àgbà níbẹ̀ lè buwọ́ lù ú. Tí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú, ibi tí ìlà páìpù bá gbà lórí pépà náà ni wọ́n máa gbẹ́ nílẹ̀. Ó ní àwòrán náà kún jù, kí n yọ pàǹtírí kúrò níbẹ̀.

Mo rí léyà kan tí wọ́n kó oríṣiríṣi nǹkan sí: igi ìbẹ́pẹ, ilé adìyẹ, àtàwọn àmì kéékèèké kan báyìí. Ṣé mo béèrè? Èmi kẹ̀! Mo pa á. Àwòrán wá mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Íńkì ta sí èyí tí plọ́tà kọ́kọ́ tẹ̀. Mo tẹ òmíràn fún ọ̀gá, mo sì ká èyí tó bàjẹ́ lọ sílé fún Bàbá Télọ̀, bàbá ọkọ mi. Irú pépà bẹ́ẹ̀ ni Bàbá fi ń gé pátánì aṣọ. Ẹ mọ̀ pé kò fẹ́ràn iṣẹ́ mi rárá? Ó ní abiyamọ tó ń wo gíláàsì tó ń tàn látàárọ̀ dalẹ́, omi ọyàn rẹ̀ á gbóná. Ṣùgbọ́n pépà ibẹ̀, ó ń gbà á!

Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ló bá dúró.

"Ìyá Sìmí, ta ló ń fa ìlà kiri lórí pépà mi?"

Mo ṣàlàyé fún un: títì nìyí, mọ́ṣáláṣí nìyí, ilé wa nìyí, ìlà páìpù nìyí. Bàbá ò kàwé, àmọ́ ẹni tó ti ń gé aṣọ látọjọ́ yìí! Ó fi ìka lé mọ́ṣáláṣí, ó ń fi í rìn bọ̀ wálé. Ó kọjá kànga, ó wọlé. "Pálọ̀ nìyí. Yàrá mi nìyí." Ìka rẹ̀ jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó dúró.

"Ìyá mi dà?"

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Mo ní, "Bàbá, ṣebí Ìyá ti kú tipẹ́."

"Ṣé èmi tí mo sin ín ni ò mọ̀? Mo ní ibo ló wà níbí?"

Ẹ̀gbẹ́ ilé ni sàréè Ìyá wà. Kò sí sìmẹ́ǹtì lórí rẹ̀, kò sí orúkọ. Àwa tí à ń gbá àyíká rẹ̀ la mọ̀ ọ́n. Bàbá yọ téèpù lọ́rùn. Ó bi mí bí ìwọ̀n pépà náà ṣe jẹ́. Mo ní sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ mítà márùn-ún nílẹ̀. Ó wọ̀n láti ara ògiri dé ìlà páìpù.

"Orí àyà rẹ̀ gan-an ni."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi! Ìgbà yẹn ló yé mi ohun tí àwọn àmì kéékèèké yẹn jẹ́.

A ti kírun alásàrí. Mo pọn Sìmí, Bàbá dé fìlà, ó sì ṣíwájú mi lọ sí ọ́fíìsì. Bàbá tí kò fẹ́ iṣẹ́ mi o!

Ẹnjiníà ti ń ti ọ́fíìsì. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti ba àwòrán jẹ́. Ó fi ìbínú bi mí bóyá mo fẹ́ dójú ti òun ní Ìbàdàn ni. Mo ṣáà bẹ̀ ẹ́ kó ṣílẹ̀kùn. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo ṣí léyà yẹn padà. Ìyá nìkan kọ́ o! Sàréè mẹ́sàn-án ló jáde, páìpù sì gba orí mẹ́rin nínú wọn.

"Ta ló kó sàréè pọ̀ mọ́ ilé adìyẹ?" Kò sẹ́ni tó mọ̀. "Ta ló wá pa á?"

"Èmi ni, sà."

Ó wò mí títí, ó wo Bàbá, ló bá fa àga wá. Ó ní kí n jókòó, ká gbé páìpù sọdá títì.

Plọ́tà bẹ̀rẹ̀, Bàbá gbé Sìmí, ó ń wò ó. Ibi tó ku díẹ̀ ká parí, kálàmù ń lọ, ìlà ò jáde mọ́. Bàbá ní, "Òwú ti tán nínú rẹ̀!" Ẹnjiníà tó fajú ro látẹ̀ẹ̀kan rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀. Mo fọ kálàmù, a bẹ̀rẹ̀ látorí. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun mọ̀gàríbà, ó jáde.

Bàbá tún fi ìka rìn láti mọ́ṣáláṣí wálé. Ó dé ibi àmì kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá." Ó wá kọjú sí mi. "Má kó nǹkan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o. Àyè tèmi nìyẹn."

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì máa rán aṣọ ìyàwó Sìmí?"

Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀: kí n tó pe nǹkan ní pàǹtírí, kí n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti yọ dànù rí, tẹ́ ẹ wá sáré padà lọ gbé? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, ká jọ kà á.

Bàbá ṣì ń gba pépà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ kó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, á kọ́kọ́ yí i padà, á wo ẹni tó wà níbẹ̀.