Ibi Tí Wọn Ò Kà Nínú Òfin Òyìnbó

Ọ̀gá mi nílé iṣẹ́ ìjọba ní Àpápá, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í bú èèyàn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ, òun ló sì sábà máa ń ka Bíbélì níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó bá fo ẹsẹ kan, bó ti wù kó dàgbà tó, wọ́n á ní kó padà sókè kó tún un kà.

Láyé ìjọba ológun ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté wà látìmọ́lé ní Kírìkírì. Àhesọ là ń gbọ́ pé òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó dáṣẹ́ sílẹ̀ fẹ́ dáná sun àgbá epo. Wọn ò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ìyá wa á gbé oúnjẹ lọ láti Ajégúnlẹ̀, wọ́dà á ní, "Mama, go house."

Ìgbà yẹn náà ni àwọn ológun ní kí ọ̀gá mi kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kà lórí rédíò, kó fi han aráàlú pé òyìnbó pàápàá ń ti èèyàn mọ́lé láìrojọ́, kí ìlú lè tòrò. Ọ̀gá mi wá òfin òyìnbó náà rí, ó kọ ọ́, ó sì kọ èyí tó kù mọ́ ọn: pé lọ́hùn-ún, dandan ni kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, kí ìgbìmọ̀ kan gbọ́ tẹnu ẹ̀, àti pé òfin náà lọ́jọ́ tó máa parí. Wọ́n dá a padà pé kó yọ ibẹ̀ kúrò.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́," ni mo wí. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ ti òun náà mọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹni tó bá fo ẹsẹ, ṣebí a máa ń ní kó padà sókè ni," ló dá mi lóhùn. "Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà."

Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n fọwọ́ ara wọn yọ ọ́, wọ́n ka ìyókù, wọ́n sì fún ọ̀gá mi ní tàràǹsífà lọ sápá àríwá tó jìnnà. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi. Àbọ̀ òfin kò lè di odindi nínú ẹnikẹ́ni o.

Kí ọ̀gá mi tó lọ, ó wá kí wa ní Ajégúnlẹ̀, ó ká ṣòkòtò funfun sókè nínú ẹrọ̀fọ̀ àdúgbò wa. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọ ọlọ́mọ nílùú òyìnbó náà nìyẹn?" ni ìyá mi, tó ti gbọ́ ọ lórí rédíò, bi í.

"Rárá, Màmá. Ká ní ọ̀hún ni, wọn ì bá ti sọ ohun tó ṣe. Ẹ máa bi wọ́n."

Látọjọ́ náà, ìyá mi ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́ lẹ́nu géètì. Ó ń bi wọ́dà, ó ń bi sójà: "Kí lọmọ mi ṣe?" Mi ò tíì rí ẹni tó fún wa ní ohun tó dára ju ìbéèrè yẹn lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà wálé, ewú ti bo orí ẹ̀. Ìyá wa dì mọ́ ọn, ó bi í pé kí ni wọ́n ní ó ṣe.

"Màmá," ló wí, "èmi náà ṣì ń retí kí wọ́n sọ fún mi ni wọ́n ní kí n máa lọ."