Máàkì Tí Kò Yípadà Lójú Kọ̀ǹpútà Ẹfúnróyè

Ẹfúnróyè a máa lá àlá lójúmọmọ. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kékeré tí a ti ń kọ́ni níṣẹ́ akọ̀wé ní Ìlá ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ rẹ̀, òun ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́, wọ́n sì sọ èmi àti taipuráítà mi di ẹni àná. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ta ló lè bínú sí Ẹfúnróyè pẹ́? Á jókòó, á máa wo ọyẹ́ lójú fèrèsé, ẹnu rẹ̀ á ṣí díẹ̀. Nígbà tó bá fi máa padà dé láti ibi tó lọ, ó ti rí iṣẹ́ mìíràn tí kọ̀ǹpútà náà lè ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ètò tó ń tọ́jú máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú ọyẹ́ ọdún 1998, Bàbá Oyèlẹ́yẹ wá láti Ọ̀rà, wọ́n fẹ́ kó ẹrù Àyànlọ́lá ọmọ wọn lọ sílé. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ní ó feèlì. Àṣìṣe ni: olùkọ́ rẹ̀ ti kọ̀wé pé máàkì rẹ̀ kì í ṣe méjìdínlọ́gbọ̀n, pé méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ṣùgbọ́n agogo méjì ni wọn yóò lẹ orúkọ àwọn tó feèlì tí wọ́n ń lé lọ sílé mọ́ ògiri, ohun tó bá sì wà lójú kọ̀ǹpútà nìkan ni ọ̀gá wa ń gbà.

Ẹfúnróyè tẹ méjìdínlọ́gọ́ta. Méjìdínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn. Kò yí.

“Ó wọlé, Màmá Gbénga,” ló wí fún mi. “Mo rí i nínú fáìlì. Ojú rẹ̀ ni ò gbà.”

Mo ní ohun tí èèyàn bá tẹ̀ sórí taipuráítà tèmi náà lèèyàn ń rí. Ó ti lọ síbi tó máa ń lọ.

Iná ṣẹ́jú. Ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ na sí dísíkì tó fi ń pa ẹ̀dà fáìlì mọ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀dà,” ló wí jẹ́jẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, iná lọ lójijì, fáìlì bàjẹ́. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́ Ajé ni ètò náà ń da gbogbo máàkì kọ sí fáìlì kejì, Ẹfúnróyè sì ti ní kí ojú kọ̀ǹpútà máa wo ìkejì yẹn, kí ti àkọ́kọ́ má baà bàjẹ́ mọ́. Inú àkọ́kọ́ ló ń tún máàkì ṣe. Ojú náà ń wo máàkì Ọjọ́ Ajé tó kọjá.

Ó yí i sí àkọ́kọ́, ó sì kọ ọ́ sínú ètò pé kí ojú máa tún wò nígbàkígbà tí a bá tẹ nǹkan. Méjìdínlọ́gọ́ta yọ.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di ẹrù náà mọ́,” ni Ẹfúnróyè wí.

Bàbá Oyèlẹ́yẹ jókòó sórí àpótí ọmọ wọn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé taipuráítà. Ẹfúnróyè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣí àkọsílẹ̀ oṣù Keje tó kọjá. Ọjọ́rú ló tún máàkì Mùstàfá, akẹ́kọ̀ọ́ wa kan láti ìlú Ire, ṣe nígbà náà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri pé ó feèlì.

Mo ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó ti ń wá ọ̀kadà.

Èmi náà bá a dé Ire. Ìyá Mùstàfá ní ọmọ òun ti bá àwọn kan lọ sí Èkó, òun ò mọ àdúgbò tó wà. Ẹfúnróyè kúnlẹ̀, ó ka ìwé tó kọ máàkì Mùstàfá gan-an sí fún un. Ìyá náà ní kó tún un kà.

“Ó sọ fún mi pé òun ò feèlì,” ni ìyá náà wí. “Mo ní irọ́ ló ń pa.”