Ọ̀sẹ̀ Tí N Kò Dá Àbúrò Mi Lóhùn

Láti kékeré mi ni wọ́n ti mọ̀ mí sí ẹni tí kì í lè jókòó sójú kan. Màmá mi a máa bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìjàlọ ló wà ní ìdí rẹ ni?" Bí wọ́n bá rán mi lódò, màá ti dé ojú ọ̀nà kí n tó rántí pé n kò mú garawa dání. Àgbà ti dé báyìí, orúnkún ń dùn mí, síbẹ̀ ara mi kò balẹ̀, pàápàá jù lọ ní òwúrọ̀ òní. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ẹ fara dà á. Ó ní ìdí, màá sì sọ ọ́ kí n tó dákẹ́.

Ìlóbí ni wọ́n ti bí wa, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Àwa méjì náà ni Màmá ní. Bàbá wa kú nígbà tí àbúrò mi ṣì ń rá, oko ẹ̀gẹ́ ni Màmá fi tọ́ wa. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wa nígbà náà ti rí èkejì, torí pé ẹ̀yìn mi ni ọmọ náà máa ń wà, kódà bí mo bá lé e. Nígbà tí mo jáde ilé ìwé mọ́dà, mo lọ kọ́ táípù ní Ìlaròó, orí sì bá mi ṣe é, mo ríṣẹ́ sí sẹ́mínárì kan lẹ́yìn ìlú níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di pásítọ̀. Kò pẹ́ tí àbúrò mi náà fi wọ ibẹ̀. Èmi wà ní òfíìsì, òun wà ní kíláàsì.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ táípù nìkan ni o. Ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní Bíbélì àti ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní èdè àtijọ́ ló pín èmi kan ṣoṣo. Èmi ni mo ń to àsìkò tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan máa wọ kíláàsì, bí méjì bá sì kọlu ara wọn, èmi ni wọ́n ń wá bú. Èmi ni mo ń gba iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ, èmi ni mo ń wá ṣọ́ọ̀kì, èmi náà ni mo ń lọ jí olùkọ́ tó bá sùn gbàgbé ìpàdé. Iṣẹ́ náà bá ara mi mu, nítorí kò jẹ́ kí n jókòó.

Ìdánwò nìkan ni ọ̀tá mi. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Bébà kan wà tí wọ́n fi ìda pa lójú, sítẹ́ńsù là ń pè é. Ara rẹ̀ la máa ń táìpù ìbéèrè sí, lẹ́tà á sì dá a lu. A ó wá gbé e lé ẹ̀rọ tó ní tàdáwà nínú, ká máa fi ọwọ́ yí i, ìwé á máa jáde. Ẹni tó bá ti táìpù ìbéèrè ti mọ ìbéèrè. Nítorí náà, àṣà kan wà tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú mi fi lé mi lọ́wọ́: láti ọjọ́ tí ìbéèrè bá ti dé ọwọ́ rẹ títí wọ́n á fi kọ ọ́ tán, bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìwọ àti akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. O ò gbọ́dọ̀ kí wọn, o ò gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn. Ẹ gbọ́ ná, nínú ilẹ̀ Yorùbá wa yìí, níbi tí a ti ń kí ẹni tó ń rìn, tí a ń kí ẹni tó jókòó, tí a ń kí ẹni tó dúró lásán!

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ àṣà náà, wọn kì í bínú. Àbúrò mi tilẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Bó bá ti rí mi lókèèrè, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé ẹ jí ire?" Èmi á gbé ojú sókè, màá máa wo igi gúáfà ẹ̀bá ọ̀nà bí ẹni pé èso rẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́, ẹ̀rín á sì máa gbọ̀n mí nínú.

Ọdún kan wà tí ẹ̀fẹ̀ náà kò dùn mọ́. Àbúrò mi ti fìdí rẹmi nínú èdè Gíríìkì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ti sọ fún un pé bó bá tún fìdí rẹmi, kó di ẹrù rẹ̀ padà sí oko. Ó ku ọ̀la kí wọ́n kọ ọ́. Mo wà nídìí ẹ̀rọ mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa dé láti Ìlóbí lórí kẹ̀kẹ́, òógùn bò ó.

"Ìyá yín ò jẹun mọ́ o," ló wí, kò tilẹ̀ jókòó. "Ó kàn dojú kọ ògiri ni. Ó ní kí ẹ̀yin méjèèjì wá, kẹ́ ẹ jọ wá. Ó lóun ò fẹ́ rí ẹnì kan láìsí èkejì."

Mo bi í pé kí ló ń ṣe é. Ó ní bí òun bá mọ̀, òun ì bá ti sọ.

Mo dìde nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa lè lọ jíṣẹ́ fún àbúrò mi, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Màmá ní ká jọ wá. Ọ̀nà Ìlóbí jìn. Ta ló máa gbà pé akọ̀wé tó mọ ìbéèrè bá ọmọ ìyá rẹ̀ tí ìdánwò ń dẹ́rù bà rin ọ̀nà náà, tí wọn kò sọ̀rọ̀? Wọ́n á lé àwa méjèèjì. Bí a kò bá sì lọ, tí Màmá bá lọ kú ńkọ́? Mo tọ olórí ẹ̀ka èdè àtijọ́ lọ, bàbá pásítọ̀ kan tó ti dàgbà, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kó kọ ìdánwò rẹ̀ lọ́la, kẹ́ ẹ wá jọ lọ. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí ìyá yín sí." Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Ẹnu mi ló gbà, ara mi kò gbà. Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo dìde. Mo lọ síbi kànga, n kò mu omi. Mo padà, mo táìpù ìlà kan, gbogbo rẹ̀ ṣì. Mo fi oje pupa tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́ kùn ún títí bébà náà fi dà bí ojú ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Mo yọjú lójú fèrèsé. Àbúrò mi wà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ka Gíríìkì rẹ̀ sókè, ó ń gbọn ẹsẹ̀. Ó rí mi. Ó gbé ìwé sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Màmá ńkọ́?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo sáré padà sọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka, n kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Sà, mò ń lọ bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìbéèrè mìíràn."

Bàbá náà wò mí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e sójú. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kó gbogbo sítẹ́ńsù tí mo ti ṣe, ó fà wọ́n ya, ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ mi. "Lọ," ló wí. "Má wọ òfíìsì yìí mọ́ títí wọ́n á fi kọ ọ́ tán." Bí mo ṣe ń jáde ni mò ń gbọ́ ọ tó ń táìpù, ìka kan, ìka kan, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa gun kẹ̀kẹ́ ṣáájú, àwa fẹsẹ̀ rìn. Èmi ni mò ń sá, àbúrò mi ń pariwo lẹ́yìn pé kí n dúró de òun. Kò dárúkọ ìdánwò rárá ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí a débẹ̀, Màmá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ti rù. Ó wo èmi, ó wo àbúrò mi tó gbé àpò mi kọ́ èjìká, ó tún wo èmi.

"Ẹ̀ ń bára yín sọ̀rọ̀?" ló kọ́kọ́ bi wá.

"Kí ló dé tí a ò ní máa bára wa sọ̀rọ̀, Màmá?"

Ni Màmá bá bú sẹ́kún. Ìyá onígi kan ládùúgbò wa, tó máa ń gbé igi ìdáná wá fún àwọn alásè sẹ́mínárì, ló rí wa. Ó rí ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó gbé ojú sókè tí kò dá a lóhùn, ó sì gbé ìròyìn náà délé. Màmá rò pé ìjà ti bẹ́ láàárín ọmọ méjì péré tí òun ní. Kò sí ibà, kò sí inú rírun. Ìròyìn yẹn ni kò jẹ́ kó jẹun.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí ìyá onígi, sí sítẹ́ńsù, sí Màmá pàápàá. Mo ní, "Màmá, ìdánwò ni! Òfin ibẹ̀ ni!"

"Òfin wo?" Màmá ní. "Ìdánwò wo ló ní kí ọmọ ìyá má dá ọmọ ìyá lóhùn? Ṣé Ọlọ́run tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ò mọ̀ pé ọmú kan náà lẹ mu ni?"

Ó jẹ ẹ̀bà lálẹ́ ọjọ́ náà, ó tún béèrè òmíràn. Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ kàn án, ó mú wa búra pé níwọ̀n ìgbà tí àwa méjèèjì bá wà láyé, ilẹ̀ kò ní mọ́ kó ṣú láìjẹ́ pé a kí ara wa. Àbúrò mi padà sí Ìlaròó ní ìdájí, ó kọ Gíríìkì, ó sì yege. Wọ́n ní ìbéèrè tí bàbá pásítọ̀ olórí ẹ̀ka táìpù kún fún àṣìṣe débi pé Gíríìkì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí i nìkan ló ṣeé kà.

Ayé ti yí. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lóde òní. Inú kọ̀ǹpútà ló ń kó ìbéèrè sí, ó fi nọ́ńbà àṣírí tì í pa, ó sì ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ìdánwò gan-an. Kò sẹ́ni tó ní kó máa wo igi. Síbẹ̀, nínú ilé yìí, mo máa ń rí i tó ń kọjá lára àwọn àbúrò rẹ̀, tí olúkúlùkù ń wo fóònù, tí ẹnikẹ́ni kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, wọn kò sì ní òfin kankan tí wọ́n lè dá lẹ́bi. Ebi ì bá ti pa Màmá kú.

Àbúrò mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pásítọ̀, Ayétòrò ló ń gbé. Láràárọ̀, kí n tó bọ́jú, fóònù mi á dún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé igi gúáfà lẹ̀ ń wò?" Èmi á ní, "Rárá, ìwọ ni mò ń wò."

Lónìí, fóònù kò dún. Àwọn ọmọ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Wọ́n ní ó lè jẹ́ pé kò síná ní Ayétòrò, kò rí fóònù ṣájì. Mo pè é, obìnrin kan ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Oòrùn ti ga. Mo ti jókòó, mo ti dìde, mo ti kọ gbogbo èyí kí ọwọ́ mi lè rí nǹkan ṣe, kò sì ràn mí lọ́wọ́. Bàtà mi ti wà lẹ́sẹ̀ mi. Ẹ bá mi pe ọlọ́kadà, kó gbé mi dé ibi tí mo ti máa wọ ọkọ̀ Ayétòrò. Mo mọ̀ pé àbúrò ló ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ òní kò gbọ́dọ̀ ṣú bẹ́ẹ̀. Èmi ni màá kọ́kọ́ kí i.